Ta Ló Ni Àga Òkè? Ìjà Tí Abọ́ Àmàlà Kan Dá Sílẹ̀

Àmàlà ló fa ìjà náà. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín, èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tó ń ṣẹlẹ̀, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu mi. Aago kan òru ti kọjá, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń bá ẹni tí n kò mọ̀ rí fa wàhálà nítorí abọ́ oúnjẹ kan.

Mo wà lára àwọn tó ń kọ àyọkà sí Wikipẹ́díà lédè Yorùbá. A kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ jẹun ní búkà kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ìyá olóńjẹ bu àmàlà fún mi, ó da gbẹ̀gìrì lé e, ó da ewédú lé gbẹ̀gìrì, ó wá fi ọbẹ̀ ata àti ṣàkì dé gbogbo rẹ̀ lórí. Abùlà tó pé pérépéré. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo fi fóònù yà á. Nígbà tí mo délé, mo rù ú sókè sí Commons, ìyẹn ilé ìkó-àwòrán-sí tí gbogbo Wikipẹ́díà jọ ń lò láti ọdún 2004, mo sì gbé e sókè àyọkà àmàlà. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílé.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwòrán mi ti lọ. Oníṣe kan ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: àmàlà róbótó kan lórí àwo funfun, ọbẹ̀ dá wà nínú abọ́ tirẹ̀, tábìlì ń dán, fọ́ọ̀kì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Fọ́ọ̀kì o! Nínú àlàyé àtúnṣe, ó kọ ọ́ pé: "Àwòrán tó mọ́ jù." Ọ̀rọ̀ "mọ́" yẹn ló gún mi lára. Ṣé ìdọ̀tí ni búkà ni? Mo dá tèmi padà. Ó yọ ọ́. Mo dá a padà. Ó tún yọ ọ́.

Nínú Wikipẹ́díà Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà fún irú àwa wọ̀nyí: ẹni tó bá yí iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lórí ojú ewé kan láàárín wákàtí 24, alámùójútó lè dínà mọ́ ọn. Òfin náà kì í béèrè ẹni tó jàre. Àwa tiẹ̀ kéré débi pé a kì í sábà rántí òfin kankan, ṣùgbọ́n ẹnìkan tó mọ̀ mí kọ ọ́ sójú ewé mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sójú ewé ọ̀rọ̀." Ojú tì mí. Mo lọ síbẹ̀, níbi tí àwọn tó ń kọ àyọkà kan ti ń jíròrò nípa rẹ̀.

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ gùn bí ìwé ẹjọ́. Mo sọ nípa àṣà, mo sọ nípa àwọn tí ojú oúnjẹ ilé wọn ń tì, mo tilẹ̀ fi òwe méjì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdáhùn tó fún mi kò ju ìlà méjì lọ: "Ẹ má bínú, sà. Mo kàn rí i pé nínú àwòrán yín, a kò rí àmàlà. Ọbẹ̀ la rí."

Mo padà lọ wo àwòrán mi. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú. Òótọ́ ni. Gbẹ̀gìrì, ewédú, ata, ṣàkì. Àmàlà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ ẹ́ nìkan ló mọ̀. Ọmọ Brazil kan tí kò jẹ àmàlà rí, tó ṣí àyọkà náà láti mọ bí ó ṣe rí, yóò rò pé ọbẹ̀ oníyẹ̀lò ni àmàlà. Ohun tí mo yà kì í ṣe àmàlà. Ọ̀sán Sátidé mi ni mo yà.

Mo ti ronú púpọ̀ láti ìgbà náà nípa ìdí tí ìjà àwòrán fi máa ń le ju ìjà ọ̀rọ̀ lọ. Bí èmi àti ẹlòmíràn bá ń jà lórí gbólóhùn kan, inú gbólóhùn náà gan-an la ti lè rí ibi tí a ó gbà. A lè kọ ọ́ pé báyìí làwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe sọ ọ́, báyìí làwọn ará Ifẹ̀ ṣe sọ ọ́, kí kálukú sì wà níbi tó wà. Àwòrán kò mọ "àwọn kan sọ pé." Lókè àyọkà, lápá ọ̀tún, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti jókòó. Àwọn tó kù wà lórí ìdúró. Àga náà sì ṣe pàtàkì, torí àwòrán orí rẹ̀ ni àwọn èèyàn tí kò ní ka ìlà kan nínú àyọkà náà máa rí.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ àga kan ṣoṣo yẹn di ogún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú Wikipẹ́díà Gẹ̀ẹ́sì, àyọkà nípa ẹ̀yà kan máa ń ní àkójọ ojú àwọn gbajúmọ̀ ẹ̀yà náà lókè: akéwì, ọ̀gágun, òṣèré, agbábọ́ọ̀lù, gbogbo wọn há mọ́ra nínú àpótí kékeré bí èrò inú dáńfó. Ìjà kì í tán níbẹ̀. Ta ló yẹ? Ṣé obìnrin tó nínú rẹ̀? Ṣé ọmọ ẹ̀yà yìí tilẹ̀ ni ẹni yìí, àbí ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ibẹ̀ wá?

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa dán an wò. Kí n mú èèyàn márùn-ún tí yóò dúró fún Yorùbá. Mo mú Àjàyí Crowther, mo mú Awólọ́wọ̀, mo mú Ṣóyínká, mo mú Fẹlá, mo mú Fúnmiláyọ̀ ìyá Fẹlá. Àwọn ará Èkìtì ti ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Wọ́n jàre. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá àti ìyá rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ṣóyínká sí. Òṣoogùn ni wọ́n bí Crowther sí, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó gbé ìwàásù wọ Abẹ́òkúta. Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ńkọ́? Òun náà kàwé ní Abẹ́òkúta! Èèyàn márùn-ún, ìlú kan. Mi ò sì tíì dárúkọ Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, kí n tó wá sọ ti àwọn ọmọ wa tí omi òkun gbé dé Bahia àti Kúbà. Obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́rin. Mùsùlùmí, kò sí rárá. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe lórí bébà, mo dé orí èèyàn mẹ́tàdínlógún kí n tó sọ bírò sílẹ̀.

Lọ́dún 2016, lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, àwọn olóòtú Wikipẹ́díà Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò pé kí wọ́n yọ gbogbo àkójọ ojú bẹ́ẹ̀ kúrò lókè àyọkà nípa ẹ̀yà. Kò sí ẹni tó borí. Bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí ẹja, ìyá á gbé abọ́ ẹja kúrò nílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn láti máa rí ojú èèyàn ní irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Ní báyìí mo gbà pé kò sí ohun mìíràn tí wọn ì bá ṣe. Ìbéèrè náà gan-an ni kò dára: kò sí àkójọ ojú tí ó lè jẹ́ odidi ẹ̀yà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìjà lèèyàn lè fi ìyọkúrò parí. Àyọkà Gẹ̀ẹ́sì nípa Ànábì Muhammad ní àwọn àwòrán àtijọ́ nínú, èyí tí àwọn ayàwòrán Páṣíà àti ti ilẹ̀ ọba Ottoman yà ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí Ànábì fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Lọ́dún 2008, àwọn tó lé ní 100,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ wọ́n. Wọn ò yọ wọ́n. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé Wikipẹ́díà kì í pa nǹkan mọ́ nítorí pé ó kọlu ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì kọ àlàyé bí ẹni tí kò bá fẹ́ rí i ṣe lè ṣètò ẹ̀rọ tirẹ̀ kí àwòrán má baà hàn. Nígbà tó fi máa di òpin 2011, ọ̀rọ̀ náà ti le débi tó fi dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ tó bá ti kọjá agbára àwọn tó kù. Ìgbìmọ̀ náà kì í dá ẹjọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú àyọkà. Ìwà àwọn tó ń jà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú jókòó sọ ọ́, ìlú sì sọ ọ́ ní 2012. Àwọn àwòrán náà dúró nínú àyọkà, ṣùgbọ́n orúkọ Ànábì tí wọ́n fi ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá kọ ló jókòó sórí àga òkè.

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì rò pé wọ́n gbọ́n. Mo wá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àlàájà ni, nígbà tí a jọ ń ṣan ẹ̀wà fún àkàrà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: "Àbúrò mi, kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé èmi tí mi ò fẹ́ rí i ni mo máa lọ tẹ nǹkan kiri? Ẹni tó fẹ́ rí i ni kó tẹ̀ ẹ́." N kò rí èsì gidi fún un. Mo sọ pé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bo èyí, gbogbo ẹlẹ́sìn tó kù ló máa tò síwájú ilẹ̀kùn. Ó ní: "Kí wọ́n tò. Ṣé ẹ̀ ń sáré lọ síbì kan ni?" Òun ló jàre nínú ìyàrá ìdáná yẹn, mo ṣì rò pé Wikipẹ́díà ló jàre lórí ìbòmíràn, n kò sì mọ bí n ṣe máa so méjèèjì pọ̀.

Ohun tó tún mú un le fún mi ni pé Yorùbá ni mí, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní awo. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá náà ní awo tiwọn, ìdánwò kan tí wọ́n fi àbààwọ́n tádàwà ṣe, tí wọ́n fi ń bi èèyàn léèrè ohun tó rí nínú rẹ̀; káàdì mẹ́wàá ni, Hermann Rorschach ará Switzerland ló gbé e jáde ní 1921. Lọ́dún 2009, dókítà kan ní Kánádà rù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè sí Wikipẹ́díà. Àwọn onímọ̀ náà fárí gá: ẹni tó bá ti rí káàdì wọ̀nyí nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí la tún fẹ́ dán wò lára rẹ̀? Àwọn olóòtú fèsì pé Rorschach ti kú láti 1922, ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ti tán, ìmọ̀ sì ni. Àwòrán dúró.

Orò ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà á. Tí ọmọkùnrin kan bá dúró sẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lóru ọdún Orò ńkọ́, tó ya ohun tí obìnrin kì í rí, tó fi ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó sí i lára, tó rù ú sókè? Mo wá gbogbo òfin wọn, n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n yọ ọ́ nítorí pé èèwọ̀ ni. Bí èmi bá lọ sójú ewé ọ̀rọ̀ lọ kígbe èèwọ̀, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á sì rékọjá. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni tí mo bá béèrè pé: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Orò lèyí? Ta ló jẹ́rìí sí i? Kí ni ẹni tó wò ó kọ́ nípa Orò tí àyọkà kò ti sọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní ju òkùnkùn àti òjìji kan lọ, ìbéèrè yẹn nìkan á sì tó láti gbé e kúrò. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n àyínìke ni. Mo máa lò ó bó bá dé. Èmi fúnra mi kò ní rù ú sókè láé, mi ò sì rò pé mo jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ní ti ẹ̀tọ́ àdàkọ, níbẹ̀ kò sí àríyànjiyàn nípa ẹwà tàbí èèwọ̀. Ta ló ni ín ni gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti máa ń ṣubú. Ọmọ kan á rí àwòrán olórin tó fẹ́ràn lórí Instagram, á wà á sílẹ̀, á rù ú sí Commons, á kọ ọ́ pé "iṣẹ́ ọwọ́ mi." Ẹnìkan á gbé e síwájú fún ìparẹ́, wọ́n á máa sọ ọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méje, yóò lọ. Ọmọ náà á rò pé wọ́n kórìíra Yorùbá. Rárá o. Ẹni tó ya àwòrán ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó rí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú èmi náà rí. Mo ní àwòrán kan tí mo wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àgbà òṣèré kan. Fóònù mi ni, ojú mi ni, ṣùgbọ́n awakọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó yà á, mo sì sọ òótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ awakọ̀ náà, Bàbá Ṣẹ́gun, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa san.

Ìwé àṣẹ "ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣòwò" kò tó níbẹ̀. Commons kì í gbà á. Èèpo àwo orin àti pátákó fíìmù tí ẹ ń rí nínú Wikipẹ́díà Gẹ̀ẹ́sì, ojúlé tiwọn ni wọ́n kó wọn sí, lábẹ́ òfin tó le gan-an, wọn kò sí ní Commons. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá túmọ̀ àyọkà náà sí Yorùbá, ibi tó yẹ kí àwòrán wà á kàn di orúkọ fáìlì pupa. Mo ti rí ẹni tó fi oṣù kan gbàgbọ́ pé kọ̀ǹpútà òun ló bàjẹ́.

Ó tún ní ibi tó ti ń yani lẹ́nu. Orí idẹ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ti dàgbà ju òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ èyíkéyìí lọ, síbẹ̀ ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ lónìí ló ni fọ́tò náà, torí òun ló yan iná, òun ló yan ibi tó dúró sí. Bó bá jẹ́ pé àwòrán àtijọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bébà ló yà, tó kàn dà á kọ bó ṣe wà, ilé ẹjọ́ kan ní New York ti sọ láti 1999 pé kò ní nǹkan tuntun kankan tó ni. Ti ọ̀bọ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. David Slater, ayàwòrán ará Bìrìtìkó, gbé kámẹ́rà rẹ̀ síbi tí ọwọ́ àwọn ọ̀bọ ti lè tó o nínú igbó Indonesia, ọ̀bọ kan sì ya ojú ara rẹ̀, ó ń yọ eyín; 2011 ni àwòrán náà jáde. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní Commons, wọ́n ní kì í ṣe èèyàn ló yà á, nítorí náà kò sí ẹni tó ni ín. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ pẹjọ́ lórúkọ ọ̀bọ náà ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ọ̀bọ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Mo rò ó pé bí ọ̀bọ bá ti gbọ́, yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí àmàlà mi.

Lẹ́yìn tí mo gbà pé ọbẹ̀ la rí, mo kọ ọ́ sójú ewé ọ̀rọ̀ pé mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ oníṣe náà pé kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Mo padà sí búkà ní Mọ́kọ́lá. Mo ní: "Ìyá, ẹ bá mi bu àmàlà lásán, ẹ má da nǹkan kan lé e." Ìyá olóńjẹ gbé ìpọnbẹ̀ dúró lókè. "Àmàlà láìlọ́bẹ̀? Ṣé ara yín yá báyìí?" Gbogbo èrò búkà yíjú sí mi. Mo ṣàlàyé pé fọ́tò ni mo fẹ́ yà, ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná. Mo yà á lọ́pọ̀ ìgbà, láti orí ìjókòó, láti orí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń tàn. Nígbà tí mo wò wọ́n nílé, gbogbo wọn rí bí òkúta inú odò. Àwòrán tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo rù mẹ́ta sókè síbẹ̀, kí ojú má baà tì mí pátápátá, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó fi tirẹ̀ sórí àga.

Òun ló dábàá pé kí abùlà mi wà nísàlẹ̀, níbi tí àyọkà ti sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ n'Íbàdàn. Níbẹ̀ ni mo ti béèrè ohun tó ti ń run mí nínú látọjọ́ náà: "Àbúrò, fọ́ọ̀kì yẹn ńkọ́?"

Ó dáhùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Manchester ló ń gbé, ó ń kàwé. Ìyá rẹ̀ ló fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí i láti Ọ̀ṣun. "Mi ò ní ọmọ orógùn níbí, sà," ó ní. "Fọ́ọ̀kì yẹn ni mo fi rò ó."

Mo sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, òun á gé e kúrò kí àwọn èèyàn má baà rò pé òun ò mọ̀ ọ́n jẹ. Ó gé e. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹnu rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀ ní igun apá òsì, èlùbọ́ gbẹ mọ́ ọn lára.